Tíì Ló Wà Nínú Ìgò Bàbá Wattie

Irọ́ ni. Ohun tí ẹ gbọ́ ní ilé ọtí, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìdí káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, pé Bàbá Wattie mutí yó, ó fo ọgbà wáyà, ó ṣubú sínú máàpù kọnkéré, ó sì kú síbẹ̀ bí ọ̀mùtí, irọ́ gbuu ni. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ló rí òkú rẹ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó rí ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ́n bíi wisikí, ó sì parí èrò rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kánsù ti gbé e sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé ìròyìn yìí, pé wọ́n bá ìgò ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóògbé.

Tíì ni. Tíì tí kò ní mílíìkì, tí wọ́n gé ọsàn kíkan sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni bàbá yìí fi gbé láàárín wa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da mílíìkì sí tíì òun rí. Ó máa ń sọ fún ìyá mi àgbà pé irú èyí tí àwa ń mu, ọmọ màlúù tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń fún mu ní ilé àwọn. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ìgò náà níwájú ọlọ́pàá. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo mu díẹ̀. Ọlọ́pàá náà tọ́ ọ wò, ó ní kò ní ṣúgà. Òótọ́ ni, kì í fi ṣúgà sí i.

Mo gbà pé àṣìṣe tiwa ni èyí. Ní Fawdale yìí, kò sẹ́ni tó mọ tíì tí kò funfun. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun pupa nínú ìgò, wisikí ló máa rò. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ojú yàtọ̀. Ẹni tó ní ọ́fíìsì, tó ní tẹlifóònù, tó ní odidi ọjọ́ kan láti béèrè tí kò béèrè, tó wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ìyẹn ò ṣàṣìṣe. Ohun tó ń wá ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Witold Jaskuła, tí gbogbo wa ń pè ní Wattie nítorí pé ahọ́n wa lọ́ra. Kò fo wáyà kankan. Ihò tí àgùntàn ń gbà ló gbà wọlé. Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi kan, búrọ́ọ̀ṣì kan, àti tìmùtìmù tí Isa, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, máa ń kúnlẹ̀ lé nígbà tó bá ń tọ́jú òdòdó. Yìnyín ṣì wà lórí koríko. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọ máàpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, nítorí pé ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án bẹ àwọn tó yẹ kó tọ́jú rẹ̀, wọn ò gbà fún un. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá a, ó fi iwájú orí ti òkè kọnkéré kan tó ga dé àyà ọmọdé. Ọkùnrin tó kú báyìí ni ẹ̀ ń pè ní ọ̀mùtí.

Ohun tó sì mú mi jókòó kọ èyí, dípò kí n máa to òkúta ògiri tó jẹ́ iṣẹ́ mi, nìyí: ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, katapílà yóò wọ ọgbà òtẹ́ẹ̀lì, wọn yóò da erùpẹ̀ lé máàpù náà, wọn yóò sì sọ ọ́ di ibi tí àwọn àlejò ìgbéyàwó yóò máa gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n sin bàbá náà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ sin iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e.

Àwọn tí wọn ò bí ní àfonífojì yìí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, nígbà tí ìyá mi àgbà ṣì wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ ogun Póláǹdì dé síbí. Ìlú wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Wọ́n ti rin ilẹ̀ márùn-ún kọjá, bàtà wọn ti já, wọn ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, bó ṣe máa ń rọ̀. Ìyá ìyá mi àgbà lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, ó fi mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ogun náà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo oko tó wà lẹ́bàá odò Faw ṣe. Oko mọ́kànlélógójì. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní àṣẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè pé ẹ̀ka wo ló ń bójú tó o.

Nígbà tí ogun parí, mẹ́tàlélógún nínú wọn ò rí ibì kankan padà sí. Abúlé Bàbá Wattie ti bọ́ sínú orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì wá pa á rẹ́ pátápátá kúrò lórí máàpù. Òun tó jẹ́ pé iṣẹ́ awọnlẹ̀ ló ń ṣe nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tó jẹ́ pé yíya ilẹ̀ sórí bébà ni iṣẹ́ rẹ̀, kò lè fi ìka tọ́ka síbi tí wọ́n ti bí i. Ó dúró lọ́dọ̀ wa. Ó ń la igi ní ilé ìlagi, ó fẹ́ Isa Dalgleish, wọn ò bímọ.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn mẹ́tàlélógún náà pàdé ní ilé rẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kí àwọn dúpẹ́. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ odidi àfonífojì? Àwọn kan ní kí wọ́n fi agogo fún ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn ní kí wọ́n gbin igi. Bàbá Wattie ní òun mọ ohun kan ṣoṣo tí òun lè ṣe dáadáa. Òun yóò ya ilẹ̀ wa fún wa, kó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè pa á rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní ọgbà ilé ńlá tí ẹni tó ni ín nígbà náà fún wọn láyè. Ó fẹ̀ tó ìlàjì pápá bọ́ọ̀lù. Gbogbo òkè wa ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ mọ ọ́n pẹ̀lú kọnkéré. Wọ́n fa omi láti inú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé náà, omi náà ń ṣàn gba gbogbo ipa odò wa, ó ń dà sínú adágún kan ní ìsàlẹ̀. Oko kọ̀ọ̀kan tó gba ọmọ ogun sílé mú òkúta kan wá láti ara ògiri rẹ̀, Bàbá Wattie sì ri òkúta náà mọ́ ibi tí oko náà wà. Èmi tó jẹ́ pé òkúta ni mò ń fi jẹun, mo lè sọ fún yín pé kò sí òkúta méjì tó jọra níbẹ̀. Bí ẹ bá mọ òkúta, ẹ ó mọ oko tó ti wá láìka orúkọ.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí olùkọ́ wa kó wa lọ. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa kéré, a ò ju mẹ́rìndínlógún lọ. Bàbá Wattie bọ́ fìlà, ó kí wa bí ẹni ń kí àgbà, ó ní kí kálukú lọ dúró síbi tí ìyá rẹ̀ ti ń dáná. A tú ká lórí máàpù náà bí àgùntàn. Ẹkún gba ojú mi nítorí pé mi ò rí ilé wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, láàárọ̀, ibo ni oòrùn ti ń wọlé yín?” Mo ní láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ó yí mi padà kí oòrùn lè bá mi ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ó ní kí n máa rìn lọ. Mo rìn, ẹsẹ̀ mi sì kọlu òkúta ilé wa. Títí dòní, bí mo ṣe mọ ìlà oòrùn nìyẹn. Ta ni nínú kánsù tó kọ́ mi ní nǹkan kan rí?

Nígbà tó yá, ilé ńlá náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé wọ́n ní lọ́yà, èmi sì ní òòlù nìkan. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gé páìpù omi. Ẹ mọ ibi tí wọ́n darí omi náà sí? Iwájú ilé ni. Wọ́n gbé ère ọmọ jòjòló kan síbẹ̀, ihòòhò ló wà, ó ń tọ̀ tọ̀sán-tòru. Omi tó ń ṣàn nínú odò Faw, nínú iṣẹ́ ìdúpẹ́ ọkùnrin mẹ́tàlélógún, òun ni ère náà ń tọ̀ síta kí àwọn ìyàwó tuntun lè ya fọ́tò níwájú rẹ̀. 

Omi gbẹ, àwọn odò wa di kòtò. Koríko tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bo àwọn òkè. Àwọn àlejò ìgbéyàwó ń ju ìdí sìgá sínú adágún. Mo rí àpótí ìgò bíà lórí oko ìyá mi àgbà. Nígbà tí Bàbá Wattie lọ kọ lẹ́tà sí kánsù, kánsù dìde lóòótọ́. Wọ́n fi ọgbà wáyà yí máàpù náà ká, wọ́n kọ EWU sára pátákó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ mọ́. Ewu kí ni? Òkè tó ga dé àyà ọmọdé? Odò tí kò lómi? Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá wọlé lè rí ohun tí ẹ ṣe.

Lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà kọ láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti kà wọ́n. Èdè wa tó kọ ò gún régé tán, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀kan kan. Ó kàn ń béèrè bóyá òun lè máa wọlé láti tún un ṣe, òun yóò mú sìmẹ́ńtì tòun wá. Èsì mẹ́rin ló rí gbà. Kò sí èyí tí ènìyàn fọwọ́ sí. “Fún Ẹ̀ka” ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ wọn, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo ní a ò ní kọ lẹ́tà mọ́. Mo gbé e sínú ọkọ̀ mi, a jọ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Leckie, ẹni tó ń bójú tó ohun àtijọ́ ní kánsù. Bí wọ́n bá kọ máàpù náà sínú ìwé ohun ìrántí, òtẹ́ẹ̀lì ò ní lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ Leckie ló kù. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó kí wa dáadáa. Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Wọ́n ti da mílíìkì sí i. Bàbá Wattie dúpẹ́, kò fọwọ́ kàn án.

Leckie ṣí fáìlì kan. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n máàpù náà ní àṣìṣe mẹ́tàdínlógún nínú orúkọ, kánsù ò sì lè fi òǹtẹ̀ lu máàpù tó ní àṣìṣe. Ó yí bébà náà kọjú sí wa.

“Ẹ wo èyí, Ọ̀gbẹ́ni Jaskuła. Òkè Adinaken. Kò sí òkè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá Wattie nàka. “Ó wà níta fèrèsé yín.”

“Orúkọ rẹ̀ ni mò ń sọ, sà.”

“Kí ni wọ́n kọ sínú máàpù ti ìjọba?”

Leckie tún wo bébà rẹ̀. “Wọn ò kọ orúkọ kankan síbẹ̀. Gíga rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ.”

“Òkè tó tóbi tó yẹn, wọn ò fún un lórúkọ,” ni Bàbá Wattie wí. “Ta wá ló ṣe àṣìṣe nínú àwa àti ìjọba?”

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Leckie pa fáìlì náà dé.

Gbogbo ọmọ Fawdale ló mọ bí orúkọ náà ṣe jẹ́. Nígbà ogun, wọ́n ní kí Bàbá Wattie ya ilẹ̀ yìí fún àwọn ọmọ ogun. Ó gun orí òkè, ó bá olùṣọ́ àgùntàn kan níbẹ̀, Archie Gourlay. Ó fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ní bi í pé kí ni orúkọ òkè yẹn. Archie yọ páìpù tábà lẹ́nu, ó ní, “A dinnae ken.” Ní ẹnu tiwa níbí, “mi ò mọ̀” nìyẹn. Ọmọ ogun náà dúpẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ: Adinaken. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì, ó fi lẹ́tà kọnkéré kọ ọ́ sára òkè náà.

Archie ti darúgbó nígbà tí wọ́n ṣí máàpù náà. Wọ́n ní ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Isa ní kí ọkọ òun fi òòlù fọ́ lẹ́tà náà kí ojú má bàa tì í. Archie ló bẹ̀ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Mi ò ní ọmọ, mi ò ní ilẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo tí mo sọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn.” Wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo wa ló ń pe òkè náà ní Adinaken. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ àwọn tó ń wá ènìyàn tó bá sọnù lórí òkè. Bí gbogbo ẹni tó ń gbé níbì kan bá ń pe ibẹ̀ ní orúkọ kan, kí ló tún kù kó tó di orúkọ?

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi Bàbá Wattie bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ń fi okùn wọn ògiri mi lọ́wọ́, nítorí pé kò gbà pé ojú mi gún. Ó ní, “Dod, nínú ogun yẹn, gbogbo ẹni tí mo bi ní ìbéèrè ló purọ́ fún mi. Àwọn ọ̀gágun purọ́. Àwọn mínísítà purọ́. Ọkùnrin yẹn nìkan ló sọ pé òun ò mọ̀. Ó tó kí wọ́n fi òkè jíǹkí rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n tú ògiri mi, ó ti wọ́. Mo tú u.

Èyí ni Ọ̀gbẹ́ni Leckie pè ní àṣìṣe. Nínú ìròyìn tó kọ lẹ́yìn tí a kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní máàpù náà ò ṣeé gbára lé, ó ní kò sì hàn pé àwọn ará àdúgbò bìkítà nípa rẹ̀. Ìwé yẹn ni òtẹ́ẹ̀lì gbé dání tí wọ́n fi gba àṣẹ katapílà. Ìyẹn jẹ́ oṣù kìíní. Bàbá Wattie kà á ní ilé mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo retí pé yóò bínú. Ó kàn ní, “Bí ó bá mọ́, wọn yóò rí i.” Ó rò pé ìdọ̀tí ló ń dí wọn lójú. Ní ọjọ́ kejì ó lọ ra búrọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé ó ń wọlé síbẹ̀. Mo mọ̀ pé òtútù wà. Mo ní iṣẹ́ ògiri kan ní òkè odò, mo ní tí mo bá parí rẹ̀ n ó bá a fọ̀ ọ́. Mo parí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì tó kú. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbé e síbí kí ẹ lè rí i.

Ẹ wá wo ọjọ́ ìsìnkú. Nítorí ọ̀rọ̀ Leckie pé a ò bìkítà, mo dúró lẹ́bàá sàréè, mo ń ka àwọn tó dúró tì í, mo fẹ́ fi iye náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn ń bọ̀, àwọn tó la igi pẹ̀lú rẹ̀ ń bọ̀. Àwọn ìyá tó dúró lórí máàpù náà ní kékeré gbé ọmọ tiwọn wá. Àwọn ará Póláǹdì kan tí a ò mọ̀ rí wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú fìtílà onígíláàsì pupa, wọ́n tò wọ́n sórí sàréè. Mo ka ènìyàn dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, mo sì dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ti pinnu pé a ò sí, kí ni iye wa fẹ́ ṣe fún un?

Kánsù ò wá. Òdòdó ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó yí po bí táyà, káàdì wà lára rẹ̀. Elspet Noble, ìyá tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba gbogbo lẹ́tà mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà kọjá, ló yọ káàdì náà. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wá fà á lé mi lọ́wọ́.

“Dod, bá mi ka eléyìí. Ó jọ pé ojú mi ló ń ṣe mí.”

Mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ pé: Sí ìrántí Ọ̀gbẹ́ni Victor Jaskola.

“Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, Mà.”

Ìyá náà gba káàdì rẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ sí méjì, ó fi sínú àpò. “Ìkejìdínlógún nìyẹn,” ló wí, ó sì lọ dúró ti àwọn tó ń kọrin.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti máàpù, tí ẹ fi rúlà ka àṣìṣe mẹ́tàdínlógún nínú ọ̀rọ̀ tí àjèjì kan gbọ́ nínú ìjì, lórí òkè, nígbà ogun, ẹ̀yin tí ẹ gba orúkọ ọkùnrin náà ní ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ bébà fún yín, orúkọ méjì péré lẹ fẹ́ kọ, ẹ sì ṣì í kọ méjèèjì. Ó mọ orúkọ gbogbo oko wa. Ẹ̀yin ò mọ tirẹ̀. Bí àṣìṣe bá tó ohun tí a ń sin mọ́lẹ̀, ọ́fíìsì yín ló yẹ kí katapílà kọ́kọ́ lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí, mi ò sì bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí kánsù kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, ní ojú ewé tí wọ́n kọ irọ́ sí, pé kò sí ọtí nínú ìgò náà. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Witold Jaskuła, kí wọ́n sì fa igi la ara lẹ́tà tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn kọjá, nítorí pé igi yẹn wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Leckie wá sí gbọ̀ngàn abúlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó ka ìròyìn tó kọ sókè níwájú wa, kó sì tọ́ka sí ẹni tí kò bìkítà nínú wa. Kí òtẹ́ẹ̀lì dá omi padà. Kí wọ́n fagi lé àṣẹ katapílà náà kí ọjọ́ kẹrìnlá tó pé.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Ta ló ní kí wọ́n gé omi? Ta ló ní kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ yí iṣẹ́ arúgbó ká, débi pé ihò àgùntàn ló ń gbà wọlé bí olè? Ta ló ka lẹ́tà kìíní, tó ka ìkẹwàá, tó ka ìkọkànlélọ́gbọ̀n, tó lù ú ní òǹtẹ̀, tó lọ jẹun ọ̀sán? Ẹ má sọ fún mi pé Ẹ̀ka ni. Ẹ̀ka ò ní ọwọ́ tí yóò fi di òǹtẹ̀ mú. Ènìyàn ni, ìyá kan ló bí i, ó lórúkọ.

Bí ó bá ṣòro fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú ènìyàn, ẹnì kan gé gbogbo wáyà tó yí máàpù Fawdale ká, ó ká a, ó sì gbé e lọ. Pátákó EWU náà wà nínú rẹ̀. Dúkìá kánsù ni, mo mọ̀, òfin sì wà fún un. Èmi ni mo ṣe é. George Haddow lorúkọ mi, Dod ni wọ́n ń pè mí, ilé mi ni ó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà ilé ìlagi, wáyà náà wà lẹ́yìn abà mi, kò sí ohun tí mo fi bò ó. Mo wà nílé ní gbogbo àárọ̀ títí di aago méje.

Mo ti fọwọ́ sí tèmi. Ó kan yín.